Àkàndá Ẹ̀dá Kì í Ṣe Ọmọdé: Ọ̀wọ̀ Tí Ó Tọ́ sí Ẹni Tí Ó Ń Dá Gbé ní Ìbàdàn

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀wọ̀ òrìṣà ni a fi ń wo àfín. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ìgbàgbọ́ àwọn baba ńlá wa pé Ọbàtálá, ẹni tí Olódùmarè fi iṣẹ́ mímọ ara ènìyàn rán, mu ẹmu yó ní ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì mọ àwọn kan ní àfín, tí ó mọ àwọn mìíràn ní abuké, ní arọ àti ní aràrá. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó kábàámọ̀, ó sì sọ wọ́n di tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà; ìdí náà nìyí tí ẹmu fi di èèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ọbàtálá títí di òní olónìí. Ohun tí ìtàn náà ń kọ́ni ni pé ẹni tí ara rẹ̀ yàtọ̀ kò jẹ gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Bí a bá ń wá ẹni tí ó ṣàṣìṣe, ẹni tí ó mọ ọ́n ni kí a bi, kì í ṣe ẹni tí a mọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ òrìṣà ni ọ̀rọ̀ náà wí. Ọ̀wọ̀ ti ẹni náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ti di pàtàkì ní Ìbàdàn òde òní, níbi tí àgbàlagbà afọ́jú, adití tàbí arọ ti ń gbé ilé tirẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tí kò sì tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ju pé kí a kà á kún àgbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

NÍ AGBO ILÉ ÀTIJỌ́

Nínú agbo ilé àtijọ́, kò sí ẹni tí ń dá gbé, ìbáà ṣe abarapá, ìbáà ṣe arọ. Baálé, ìyáálé, ọmọ ilé àti aya ilé ni wọ́n jọ ń gbé pọ̀, ìkòkò ọbẹ̀ kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò lè rìn lọ sóko a máa ṣọ́ ilé, a máa lọ́ okùn, a máa hun agbọ̀n, a sì máa pa àlọ́ fún àwọn ọmọdé. Afọ́jú tí ó gbọ́n nínú ìtàn ilé ni a ń bi bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dé. Ní ààfin àwọn ọba kan, abuké àti aràrá ní ààyè tiwọn gẹ́gẹ́ bí ẹni òrìṣà.

Síbẹ̀, irọ́ kò yẹ àgbà. Àṣà kan náà ní apá tí kò dára. Àwọn ìdílé kan a máa fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú yàrá nítorí ìtìjú. Wọn a ní ayé ni ó ṣe é, tàbí pé ẹ̀ṣẹ̀ òbí ni ó ń jìyà rẹ̀. Adẹ́tẹ̀ a máa di ará inú igbó. Abuké kì í sì í lè sùn fọkàn balẹ̀ níbi tí àwọn aṣoògùn owó bá wà. Kódà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń pinnu ibi tí yóò sùn, iṣẹ́ tí yóò kọ́, àti bóyá yóò gbéyàwó tàbí kò ní í gbé e. Ó ń jẹun, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu ọ̀rọ̀.

BÓDÌJÀ KÌ Í ṢE AGBO ILÉ

Ìbàdàn titun kò dàbí Ọjà'ba. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé sí Bódìjà ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950, ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó ní ọgbà tirẹ̀ ni wọ́n kọ́. Ní Agbowó, tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, yàrá ni a ń háyà. Ẹni tí ó wà ní yàrá kejì lè jẹ́ ará Ìlọrin tàbí ará Èkìtì tí a kò mọ ìdílé rẹ̀. Báyìí ni Ring Road àti Challenge náà rí. Níbẹ̀ ni àwọn àkàndá ẹ̀dá tí ó ti kàwé tàbí tí ó ti kọ́ṣẹ́ ti ń gbé ilé tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo obìnrin kan tí ó ń gbé Agbowó, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ní ẹsẹ̀ méjèèjì láti kékeré, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Ara rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́ tí yóò pàdé. Onílé ni yóò kọ́kọ́ wò ó láti òkè délẹ̀, tí yóò ní yàrá ti tán. Bí ó bá rí yàrá, àtẹ̀gùn ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá borí àtẹ̀gùn, gọ́tà ń bẹ níwájú ilé, pákó tí wọ́n fi bò ó kò sì gba kẹ̀kẹ́ arọ. Awakọ̀ Micra kò ní fẹ́ dúró, nítorí pé àtiká kẹ̀kẹ́ náà sínú búùtù yóò gba àkókò. Bí ó bá sì dúró, owó èrò méjì ni ó lè bèèrè. Ní Dùgbẹ̀, àtẹ̀gùn mìíràn tún ń dúró dè é. Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, ọwọ́ ènìyàn ni ó ti wá. Kò sí èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ Ọbàtálá níbẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kòkòrò àdánidá tí ó ń fa àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwọn tí àrùn náà ti mú ṣáájú ìgbà náà ṣì wà láàárín wa. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti di bàbá àti ìyá ọmọ.

'O' ÀTI 'Ẹ'

Ohun tí ó lè dun irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ju àtẹ̀gùn lọ ni ẹnu. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 'o' àti 'ẹ'. 'Ṣé o jí dáadáa?' ni a ń bi ẹgbẹ́ ẹni àti àbúrò. 'Ṣé ẹ jí dáadáa?' ni ti ẹni tí ó juni lọ. Ọmọ ogún ọdún tí ó bá pe ẹni àádọ́ta ọdún ní 'ìwọ' ti ṣe àìtọ́, ilé tí ó ti jáde wá ni a ó sì bú.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí bí a ti ń bá àgbàlagbà tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jà. 'Kí lo fẹ́ rà?' ni ọmọ ọlọ́jà yóò bi í. Bí ẹnì kan bá tì í wá, kò tilẹ̀ ní bi í rárá. Ẹni tí ó ti kẹ̀kẹ́ ni yóò bi pé, 'Kí ló fẹ́ rà?' bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni a fi ń nájà. Ẹlòmíràn yóò ju owó sí i lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ pé ó tọrọ, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ni ọkùnrin náà lè jẹ́, tí ó wá ra ẹ̀fọ́ lọ sílé.

Àṣà Yorùbá kò fàyè gba èyí. Ọjọ́ orí, ipò àti ìwà ni a fi ń bọ̀wọ̀ fúnni, kì í ṣe ìdúró. Ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ nítorí bí ara rẹ̀ ti rí, bí ó bá tẹríba lórí ìjókòó, àgbà a gbà pé ó kíni. Adití tí ó kúnlẹ̀ láìfọhùn ti kíni tán. Bí àṣà bá lè yọ̀ǹda báyìí fún ẹni tí ó ń kíni, kí ni ó dé tí ẹni tí ó yẹ kí a kí yóò fi pàdánù 'ẹ' tirẹ̀? A kì í ṣojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í tìtorí ìka kan tí kò sí yọ àgbà kúrò nípò àgbà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà kò gbẹ́yìn. Ọjọ́ kẹjọ ni a ń sọmọ lórúkọ, orúkọ náà sì ní ìtumọ̀. Ẹni tí à ń pè ní 'Arọ' tàbí 'Odi' ládùúgbò ní orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi obì, oyin àti iyọ̀ wúre sí.

ÀWỌN TÍ Ó TI LA Ọ̀NÀ

Kì í ṣe òní ni Ìbàdàn ti rí àkàndá ẹ̀dá tí ó ṣe aṣáájú. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí ó dití ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, gúnlẹ̀ sí Gánà ní ọdún 1957, ó sì dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1960, ó dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Kí ó tó kú ní ọdún 1987, àwọn ilé-ìwé tí ó dá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà ti lé ní ọgbọ̀n. Adití ni ó kọ́ adití ní ìwé. Láti ìgbà náà, Methodist Grammar School ní Bódìjà ti di ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití àti àwọn tí ó ń gbọ́rọ̀ ti ń kàwé nínú ọgbà kan náà. Ní Ọ̀yọ́, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní ọdún 1977 láti kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ní Challenge, ta ni kò mọ Yínká Ayéfẹ́lẹ́? Rédíò Nàìjíríà ní Dùgbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ìjàǹbá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, kò sì lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́. Orí kẹ̀kẹ́ ni ó ti ń kọrin láti ìgbà náà, orí kẹ̀kẹ́ náà ni ó ti kọ́ ilé orin rẹ̀, tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ rédíò Fresh FM sílẹ̀, tí àwọn abarapá ń gba owó oṣù níbẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé, 'Ṣebí àwọn ènìyàn ni ó ń tì í kiri? Báwo ni a ṣe lè sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dá dúró?' Ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè yìí kedere jù lọ ni Ed Roberts, ọmọ Amẹ́ríkà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní ọdún 1953, tí kò lè gbé apá tàbí ẹsẹ̀ mọ́, tí ẹ̀rọ sì ń bá a mí. Ó wọ Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley ní ọdún 1962. Ní ọdún 1972 ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń ran àkàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ láti gbé ilé tiwọn. Èrò wọn ni pé dídá dúró kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun gbogbo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó ní àṣẹ lórí ayé ara rẹ̀. Yorùbá mọ èyí tipẹ́. Ọba kì í fúnra rẹ̀ gbé agboòrùn rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ pé ọba kò dá dúró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Gbogbo wa ni ẹlòmíràn ń ràn lọ́wọ́.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ní ọdún 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Abala kọkàndínlógún àdéhùn náà wí pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí wọn yóò gbé àti ẹni tí wọn yóò bá gbé. Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 2010. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tiwa, tí ó de ẹni tí ó bá fi ìpèníjà ara rẹ́ ènìyàn jẹ: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí 100,000 náírà ni fún ẹnì kan, 1,000,000 náírà sì ni fún ilé-iṣẹ́. Òfin náà fún àwọn ilé ìjọba àti ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní ọdún 2024. Ó tún ní kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, kí a máa dá wọn lóhùn ṣáájú lórí ìlà, kí ẹnikẹ́ni má sì lò wọ́n fi ṣagbe.

Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ ọmọ ọlọ́jà ní 'ẹ'. Iṣẹ́ ilé ni ìyẹn, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni pẹ̀lú. Onílé ní Agbowó kò nílò lọ́yà kí ó tó da kọnkéré pẹrẹsẹ lé orí gọ́tà. Àpò sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ni. Awakọ̀ kò nílò ọlọ́pàá kí ó tó fi ìṣẹ́jú méjì dúró. Ìyá tí ó bí ọmọ adití lè kọ́ èdè ọwọ́, kí ọmọ náà lè bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó nígbà tí ó bá dàgbà, kí àwọn ẹbí má bàa pinnu fún un.

Àwọn baba wa fi ọ̀wọ̀ òrìṣà wo àfín, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ó kù sí ọwọ́ wa, àwa tí a ń gbé ìta Bódìjà, Dùgbẹ̀ àti Challenge, láti fi ọ̀wọ̀ àgbà kún un. Bí ẹ bá tún rí ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ tí irun rẹ̀ ti ń funfun lọ́jà, ẹ má ṣe wo ẹni tí ó ń tì í. Òun gan-an ni kí ẹ kí: 'Ẹ kú ọjà o, sà.'