Ìwé Mẹ́ta Tí Òfin Ní Ká Fún Ìjọba

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ wá kí mi nílé ní Màgbórò. Ó ti di ọ̀gá ilé-ìwé báyìí, irun orí ẹ̀ sì ti funfun ju tèmi lọ. Ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí oríkì àwọn agboolé ìlú wọn, ó fi owó ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì mú ẹ̀dà kan wá fún mi. Mo bi í bóyá ó ti kó ẹ̀dà mẹ́ta lọ fún National Library. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ibo ni wọ́n fẹ́ kó o sí? Ṣebí ilé tí wọ́n ń kọ́ l'Ábùjá láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn." Mo fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ oúnjẹ ti dé, ọ̀rọ̀ sì yà síbòmíì. Ìdáhùn mi rèé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Ọdún 1964 ni wọ́n dá National Library sílẹ̀ l'Ékòó. Ní 1970, ìjọba tún òfin rẹ̀ ṣe, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn, láìgba kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló tẹ̀wé, ẹ̀dà 25 ni. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ́ 10. Nínú mẹ́ta tiwa, méjì ni wọ́n á tọ́jú, ìkẹta á lọ sí ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Kì í ṣe Nàìjíríà ló dá irú òfin yìí sílẹ̀ o. Ọba Faransé kan, François Kìn-ín-ní, ti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1537.

Èmi máa ń rò ó pé orúkọ tá a fún un ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. A pè é ní ilé-ìkàwé, a wá gbà pé ibi táwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ti ń rí àga àti fáànù ni. Ìkàwé wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìpamọ́ ni gbòǹgbò iṣẹ́ ilé-ìkàwé tó bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè. Ìwé tẹ́nikẹ́ni ò bèèrè fún ogójì ọdún, kó ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá bèèrè. Kò sí oníṣòwò tó lè ṣe é, torí kò sí èrè níbẹ̀. Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi já lé ìjọba lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè lọ́wọ́ mi mọ ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ìkejì ní 1990. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ìwádìí ẹ̀kọ́ ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Atẹ̀wétà wo ló máa dáwọ́ lé irú ìyẹn? Ta ni yóò rà á? Síbẹ̀, olùkọ́ Yorùbá tó dúró níwájú kíláàsì lónìí, tó ń ṣàlàyé gírámà láì fi Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́ lójú, iṣẹ́ àwọn àgbà yẹn ló ń jẹ, ì báà má tiẹ̀ rí ìwé ọ̀hún rí. Ẹ̀dà tèmi, ọ̀kan nínú yín yá a, kò dá a padà títí dòní. (Ìwọ náà mọ ara ẹ.) Nígbà tí mo wá òmíràn, ọwọ́ oníwèé àlòkù kan n'Íbàdàn ni mo ti rí i, lábẹ́ òkìtì ìbéèrè JAMB. Oríire lásán ni. Ìwé tí owó ìlú ṣe, a ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún oríire.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilé Àbújá. Ọdún 2006 ni ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, ní bílíọ̀nù mẹ́jọ àbọ̀ náírà ó lé díẹ̀, pé kó parí ní oṣù 22. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Owó iṣẹ́ ọ̀hún ti di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ nínú ilé tí wọ́n háyà. Lóṣù kẹsàn-án 2025, nígbà tí Aya Ààrẹ, Olúrẹ̀mí Tinúbú, pé ọdún 65, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ fún òun lẹ́bùn kó fi owó náà parí ilé-ìkàwé yìí. Owó tí wọ́n dá ju bílíọ̀nù 20 náírà lọ, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ti gbé e. Mi ò ní bú ẹni tó ṣe oore. Àmọ́ nígbà tí ilé ìwé gbogbo orílẹ̀-èdè bá ń dúró de ọjọ́ìbí ẹnì kan, ètò ìṣúná wa ti jẹ́wọ́ ara ẹ̀ nìyẹn.

Kí n má parọ́, kì í ṣe àwa nìkan nilé ìwé ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1973 ni British Library bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé rẹ̀ ní St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di 1998 kí Ọbabìnrin Elizabeth tó wá ṣí i. Wọ́n bú ilé yẹn débi tó lápẹẹrẹ. Àmọ́ ní gbogbo ọdún tí bírikìlà fi ń ṣe tiẹ̀, àwọn tó ń gba ìwé wọlé, tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń lé kòkòrò àti ọ̀rinrin sẹ́yìn, iṣẹ́ wọn ò dúró de òrùlé tuntun.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó ìjọba máa ń gbà dé irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀: owó oṣù òṣìṣẹ́, owó iṣẹ́ ńlá bí ilé kíkọ́, àti owó tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n fi ń ra díṣẹ́ẹ̀lì, páálí, sẹ́ẹ̀fù, oògùn ìkán. Ti àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ á jà fún un. Ti èkejì, agbaṣẹ́ṣe á jà fún un, òṣèlú á sì wá gé ríbọ́ọ̀nù. Ìkẹta ò ní alágbàwí. Òun sì ni ìpamọ́ gan-an.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Láàárín 1979 sí 1983, mo ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri Ìfọ̀, Ọ̀tà àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn, mo ń gba ohùn àwọn arúgbó Ẹ̀gbá àti Àwórì sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì 64 ni mo kó jọ. Mo kó ìdajì lọ sí ilé ìpamọ́ ìjọba kan (mi ò ní dárúkọ wọn) torí pé wọ́n ní ẹ̀rọ amúlétutù, kásẹ́ẹ̀tì ò sì fẹ́ ooru pẹ̀lú ọ̀rinrin. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn bí ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n ti kun yàrá náà, wọ́n ti fi táìlì sílẹ̀ rẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ẹ̀rọ amúlétutù ti kú tipẹ́, kò sówó díṣẹ́ẹ̀lì. Olú ti hu sára téèpù mi. Ẹnikẹ́ni ò jí nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò sì kórìíra mi. Ìyá arúgbó kan ní Ìfọ̀ wà nínú wọn, tó pe àwọn ọ̀rọ̀ kan lọ́nà tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyá ti lọ, ohùn náà ti lọ.

Mùsíọ́ọ̀mù náà kò yàtọ̀. Ẹ̀sìẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ ilé mùsíọ́ọ̀mù ní Nàìjíríà, ní 1945, fún àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. A bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ní nǹkan bí 1994, àwọn olè wọ mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ léraléra, wọ́n kó orí amọ̀ lọ. Ilé wà níbẹ̀. Owó ṣọ́ọ̀dẹ̀ àti àgádágodo ni kò tó.

Ti ìwádìí ńkọ́? L'Ékòó wa níbí, lóṣù kẹrin 1980, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa ná ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé rẹ̀ lórí ìwádìí. Àwa tá a gbà wọ́n lálejò ò tíì dé ibẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fẹ́ dán an wò, láti 1970, bóyá ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó Ford Foundation ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, wọ́n tiẹ̀ gba iwájú. Nígbà tí owó àlejò tán, a gbé àbájáde rẹ̀ sórí pẹpẹ.

Nítorí náà, ọ̀gá tíṣà mi, kó ìwé mẹ́ta yẹn lọ. Wọ́n ní ẹ̀ka ní Yábàá, kò jìnnà sí wa níbí tí ọ̀nà márosẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Béèrè fún ìwé tí wọ́n á fi jẹ́rìí pé wọ́n gbà á, kí o sì tọ́jú rẹ̀. Bí a ò bá kó ìwé lọ, wọ́n á ní kò sóhun tí àwọn fẹ́ tọ́jú, wọ́n á sì tọ̀nà. Tó o bá sì pàdé aṣòfin yín nídìí ayẹyẹ, má bi í léèrè ilé. Bi í pé èló ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún díṣẹ́ẹ̀lì.

Èmi náà jẹ̀bi o. Ìwé tí mo tẹ̀ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mi ò tíì kó ẹyọ kan lọ. Mo ti di mẹ́ta sínú lailọ́ọ̀nù, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́bọ̀, ọmọ mi á wà mí lọ sí Yábàá. Kásẹ́ẹ̀tì 32 tó kù ṣì wà nínú yàrá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bá mi dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí iná bá wà. Ó ti ṣe mọ́kànlá.