Ṣé o mọ̀? Ìbátan ẹ̀ga kan wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan

Ta ni kò mọ ẹ̀ga? Ní Ìkẹ́rẹ́ àti Èmùré ní Èkìtì, ariwo wọn lórí ọ̀pẹ máa ń jí ènìyàn kí agogo tó dún. Ṣùgbọ́n ẹ̀ga ní ìbátan kan tó yan igbó láàyò: Malimbus ibadanensis.

Dúdú ni ara rẹ̀, ṣùgbọ́n orí àti àyà akọ pupa bí ìgbà tí wọ́n rẹ ẹ́ sínú epo. Pupa ti abo kò tó bẹ́ẹ̀. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ayé.

Ọdún 1958 ni J. H. Elgood, onímọ̀ ẹranko ní Kọ́lẹ́jì Yunifásítì Ìbàdàn, kọ àpèjúwe rẹ̀ fún ayé. Lónìí, ó wà lára àwọn ẹyẹ tó lè parun, nítorí pé igbó ń di oko, oko ń di ilé. Ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń rí i ni igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìbàdàn.

Bí o bá fẹ́ ṣọ́ irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, jí wọ igbó ní ìdájí, dúró jẹ́ẹ́, kí o sì gbójú sókè. Láàárín ewé gíga ló ti ń wá kòkòrò jẹ, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹyẹ mìíràn. Ìtẹ́ rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lẹ́ka igi, ẹnu ìtẹ́ náà dojú kọlẹ̀.

Irú igbó tí ẹyẹ báyìí ń fẹ́ kò pọ̀ mọ́. Ní gúúsù Èkìtì, igbó ìjọba tó wà ní Ìsẹ̀, níbi tí ìnàkí ṣì ń gbé, wà lára ìwọ̀nba igbó ńlá tó ṣẹ́ kù.