Ẹ Má Ṣe Dojú Ilé Oyin Tí Kì Í Ta Ni Dé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹ mọ oyin kéékèèké tí kì í ta ni, èyí tó ń gbé inú ihò igi àti ògiri alámọ̀. Kì í kó oyin sínú afárá. Ìkòkò kéékèèké tó fi ìda àti oje igi mọ ló ń kó o sí. Ọmọ wà lọ́tọ̀. Ẹyin rẹ̀ léfòó lórí oúnjẹ olómi nínú ihò tirẹ̀. Bí ẹ bá dojú ilé náà dé, ọmọ á rì, á sì kú.

Nítorí náà, kí ẹ tó kó o láti inú igi tí ẹ gé sínú àpótí pákó, ẹ fi ẹfun sàmì sí òkè rẹ̀. Ẹ má ṣe kó ìkòkò tó fọ́ mọ́ ọn, èèrà á dà bò ó. Bí ẹ bá ń fa oyin, ẹ má ṣe kan ọ̀dọ̀ ọmọ, ẹ sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wọn. Omi pọ̀ nínú oyin yìí, ó sì kan díẹ̀. Ẹ tètè sọ fún oníbàárà, kó má baà pè é ní àbùlà.