Àgbàlá Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo: Ọ̀rọ̀ Ilé Tí Agbára Wa Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìlọrin wọ Ògbómọ̀ṣọ́ lóde òní, kí ó tó dé àárín ìlú ni yóò ti rí ìlú mìíràn tí ó ń hù. Láti ọdún 1990 tí ìjọba ti dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní LAUTECH, sílẹ̀ ni ilé ti ń lé oko sẹ́yìn ní agbègbè náà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Under G, Adénikẹ́ àti àwọn àdúgbò tí ó yí wọn ká wá di ibi tí gbogbo ẹni tí ó ní ilẹ̀ ń kọ́ yàrá sí. Ẹni tí ó ní púlọ́ọ̀tì kan a fún yàrá mẹ́wàá mọ́ ọn, ẹni tí ó ní ìdajì a fún mẹ́fà mọ́ ọn, olúkúlùkù a sì fi fẹ́ǹsì yí tirẹ̀ ká.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ dúró níwájú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà kí ẹ ka ohun tí ó wà nínú ọgbà rẹ̀. Bọ́hóòlù kan, táǹkì omi kan lórí irin gíga, sọ́kàwéè kan, jẹnẹrétọ̀ kan, géètì kan. Ẹ sún sí ilé kejì: bọ́hóòlù kan, táǹkì kan, sọ́kàwéè kan. Ẹ̀kẹta kò yàtọ̀. Bọ́hóòlù kan kò jìnnà sí èkejì rárá, fẹ́ǹsì ni kò jẹ́ kí wọ́n ríra. Gbogbo rẹ̀ ni onílé fi owó ṣe, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì tún gbà padà lọ́wọ́ ayálégbé. Nígbà tí a bá ń ké pé owó ilé ti ga jù, sìmẹ́ńtì ni a máa ń dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé sìmẹ́ńtì wọ́n. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, owó mìíràn wà nínú owó ilé tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ, òun ni owó tí a ń san nítorí pé olúkúlùkù fẹ́ dá ohun gbogbo ní.

Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí àjọlò. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Ògúnlọlá ọdẹ, ẹni tí ó di Ṣoún àkọ́kọ́, tẹ̀dó sábẹ́ igi Àjàgbọn, èéfín ni ó rí tí ó ń rú lókèèrè tí ó fi mọ̀ pé àwọn ọdẹ mìíràn wà nítòsí. Ó wá wọn lọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Alongo. Ilé Ògúnlọlá ni wọ́n ti ń pàdé. Kí Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ààfin ni ó ti ní ibi ìjókòó.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé lẹ́yìn ìgbà náà tẹ̀ lé ìlànà yẹn. Ẹnu ọ̀nà kan ni agbo ilé máa ń ní. Ẹni tí ó bá wọlé yóò la ìloro kọjá kí ó tó bọ́ sí àgbàlá, yàrá yóò sì yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò wà níwájú àwọn yàrá náà lábẹ́ etí òrùlé. Ògiri kan ni ó ń sin yàrá méjì, nítorí náà amọ̀ kì í ṣòfò. Wọn a gbé ìkòkò ńlá sí ibi tí omi òjò ti ń dà láti orí òrùlé. Àgbàlá ni wọ́n ti ń sá èlùbọ́, ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń ṣeré tí ojú àgbà sì wà lára wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gba owó ìtọ́jú ọmọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ilẹ̀ àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí ó ti pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ẹ̀dá tí ó fara balẹ̀ to àpáàdì lọ́kọ̀ọ̀kan sí ilẹ̀ àgbàlá kò ka àgbàlá sí ilẹ̀ òfìfo.

Amọ̀ pupa ni wọ́n fi ń mọ ògiri, ìtòsí ibi tí ilé yóò wà ni wọ́n sì ti ń wà á. Wọn a bu omi sí i, wọn a fi ẹsẹ̀ gún un títí yóò fi kúnná, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó dì díẹ̀. Ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri ní. Bí wọ́n bá mọ ìpele kan tán, wọn a dúró títí yóò fi gbẹ kí wọ́n tó mọ èkejì lé e. Ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ náà, ọ̀wẹ̀ sì ni wọ́n fi ń ṣe é: ọ̀rẹ́, àna àti ará àdúgbò a péjọ, onílé a wá oúnjẹ àti ẹmu. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Ní Ọ̀yọ́, kíkó koríko yìí wá láti fi bo ààfin di odindi ọdún, Ọdún Bẹẹrẹ. Ẹ ò rí i pé àtúnṣe òrùlé ni àwọn baba wa sọ di àjọ̀dún? (Àwa tí a ń fi oṣù mẹ́ta bẹ onílé kí ó pa òjò tí ó ń jò mọ́ wa lórí, a lè kọ́gbọ́n níbẹ̀.)

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń ṣe àárò ayé àtijọ́ lásán. Àwọn tí ó kúrò nínú ilé amọ̀ ní ìdí. Òjò ń fọ ìdí ògiri, wọ́n sì ní láti máa tún un rẹ́ lóòrèkóòrè. Ikán ń jẹ igi àjà. Fèrèsé kéré, yàrá ṣókùnkùn. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí. Kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ a di àkìtàn tàbí adágún ẹ̀fọn. Ó tún ku ìtìjú. Oníṣòwò ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n rìn dé Òkè Ọya àti Gánà. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní òpin ọdún 1969, ọ̀pọ̀ wọn ni ó darí wálé. Ta ni yóò dé láti ìdálẹ̀ tí yóò tún mọ ilé amọ̀? Páànù àti sìmẹ́ńtì ni ó ń fi hàn pé ìrìn àjò dára. Títí di òní, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńláńlá wà ní ìlú tí ó jẹ́ pé ọdún àti òkú nìkan ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ilé féèsì-mi-áì-féèsì-yú gbòde. Ilé náà mú àjọgbé láti inú agbo ilé, ṣùgbọ́n ó sọ àgbàlá di ọ̀nà tóóró tí a bò lórí, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè gbà. Ilé ìwẹ̀ kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, ìdílé mẹ́jọ. Ìjà wo ni kò ní sí níbẹ̀? Ìjà yẹn ni ó mú kí gbogbo ènìyàn máa sá fún ohunkóhun tí a bá jọ ń lò.

Ìbéèrè mi ni pé, ǹjẹ́ a kò lè mú èyí tí ó dára nínú àtijọ́ kí a sì fi èyí tí kò dára sílẹ̀? Àwọn kan ti ṣe é. Demas Nwoko, ayàwòrán-ilé tí ó ti pẹ́ ní Ìbàdàn, po amọ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ó pè é ní latcrete, ó fi kọ́ ilé, ó sì dá ojú àgbàlá tí ń gba omi òjò padà sáàárín ilé. Ní ọdún 2023, ní Venice, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Golden Lion fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ní Burkina Faso, Francis Kéré parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé rẹ̀, Gando, ní ọdún 2001. Búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí ni ó lò, àwọn ará abúlé ni ó bá a ṣiṣẹ́, ó sì gbé páànù sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Ní ọdún 2022, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tí ó ga jù lágbàáyé fún àwọn ayàwòrán-ilé.

Nílé níbí, Nigerian Building and Road Research Institute ti ń polówó búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ó jọ amọ̀ pupa, a ó fi sìmẹ́ńtì bí 5 sí 10 nínú 100 sí i, a ó bu omi díẹ̀, a ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. A kì í sun ún níná. Abẹ́ ìbòòji ni a ó ti máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Èyí tí ó ní eyín tí ń wọnú ara wọn kò tilẹ̀ fẹ́ sìmẹ́ńtì púpọ̀ láàárín. Kí á má gbàgbé pé sísun sìmẹ́ńtì ń tú bí ìdá 8 nínú 100 èéfín kábọ́nì tí ènìyàn ń dá sínú afẹ́fẹ́ ayé. Amọ̀ gbogbo kọ́ ni ó dára fún un, nítorí náà kí ẹ kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú ìgò olómi, kí ẹ mì ín, kí ẹ jẹ́ kí ó silẹ̀ títí di ọjọ́ kejì: iyanrìn yóò wà nísàlẹ̀, amọ̀ kíkúnná yóò wà lókè. Bí amọ̀ kíkúnná bá pọ̀ jù, ògiri yóò sán. Ìpìlẹ̀ ní láti jẹ́ òkúta tàbí kọnkéré, kí etí òrùlé sì yọ jáde dáadáa kí òjò má baà na ògiri.

Ní ti àjọlò, bí onílẹ̀ mẹ́rin bá gbà láti wó fẹ́ǹsì àárín wọn, bọ́hóòlù kan tó, táǹkì kan tó, igi máńgòrò kan (Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì ṣe aláìní máńgòrò) yóò fún gbogbo wọn ní ibòji. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò gbà pé kí a jọ lò, òun ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé, lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, pé ilẹ̀ àárín kò ṣeé tà, nítorí baba lè gbà kí ọmọ má gbà. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró de ìjọba. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe Bódìjà ní Ìbàdàn ní òpin àwọn ọdún 1950, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n àwọn tí owó oṣù wọn dájú ni ó bọ́ sí lọ́wọ́. Alájàpá kò rí ibẹ̀ wọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣékù tí a fi ń ra ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìlọta lè ra ẹ̀rọ ìtẹbúlọ́ọ̀kù kan tí ogún ìdílé yóò máa lò ní ẹsẹẹsẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ agbo ilé tiwa. Ẹ̀gbẹ́ kan ti wó níbẹ̀, yàrá mẹ́rin ni ó bá a lọ. Àwọn kan nínú ẹbí fẹ́ kí á fi àgbàlá kọ́ yàrá mẹ́jọ tí a ó fi háyà. Wọn kò sọ̀rọ̀ àìdáa: ta ni yóò rówó tún ilé ṣe? Àwa ọmọ tí a wà lókèèrè kì í tètè fi owó ránṣẹ́. Ìmọ̀ràn tí mo gbé kalẹ̀ ni pé kí á fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ gbé ẹ̀gbẹ́ tí ó wó dìde, kí á fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, kí á háyà mẹ́rin náà, kí àgbàlá wà bí ó ti wà, kí á sì máa ta omi fún àdúgbò. Àwọn àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní ìwé ni ó ń dà mí láàmú. Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà, tí kò tíì la ẹnu rẹ̀ láti àárọ̀, béèrè pé bí wọ́n bá kọ́ yàrá sí àgbàlá, níbo ni wọn yóò tẹ́ òkú òun sí? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó dáhùn.

A sún ìpàdé sí ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá. Èèkàn mẹ́rin tí bíríkìlà kàn mọ́lẹ̀ láti wọn àgbàlá náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ti tú okùn ara wọn lọ fi fò.