Másùnmáwo àti Hòmóònù Ara: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ilé Mọ̀

Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ni a kọ ìwé yìí fún. Másùnmáwo kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àsọdùn. Inú ẹ̀jẹ̀, inú ọkàn àti inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi àti ìgbà tó yẹ kó wá rí dókítà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Hòmóònù ni èròjà tí ẹ̀yà ara kan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara mìíràn. Nínú ọ̀rọ̀ másùnmáwo, méjì ló ṣe kókó: adrẹnalíìnì àti kọ́tísọ́ọ̀lù. Ẹ̀yà kékeré méjì tó wà lórí kíndìnrín wa, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ló ń ṣe wọ́n.

Ká ní ẹ ń sọdá títì, tí ọ̀kadà kan já wọ̀ yín lójijì. Kí ẹ tó ráyè ronú, adrẹnalíìnì ti tú sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á máa lù kì-kì-kì, èémí á yá, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí iṣan apá àti ẹsẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ẹ lè fò sẹ́yìn.

Kọ́tísọ́ọ̀lù kì í yá bẹ́ẹ̀. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó pọ̀ dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà síta kí agbára má baà tán, ó sì ń dá iṣẹ́ tó lè dúró díẹ̀ dúró, bí i dídà oúnjẹ. Tí ewu bá kọjá, kọ́tísọ́ọ̀lù yìí kan náà ló ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé ó ti tó, ara á sì rọlẹ̀. Lójoojúmọ́ náà, ó máa ń pọ̀ láàárọ̀ kí ara lè jí pépé, á sì lọ sílẹ̀ lóru. Ọ̀rẹ́ wa ni, bí kò bá ti pọ̀ jù.

Ìgbà wo ló ń di ewu?

Ọ̀kadà á kọjá lọ. Gbèsè, owó ilé, ìjà ọkọ àti aya, àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojoojúmọ́ kì í tètè kọjá. Tí hòmóònù wọ̀nyí kò bá ráyè lọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀:

- ẹ̀jẹ̀ lè máa ru;
- ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ga, pàápàá lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà;
- oorun lè dá, kí èèyàn sì máa gbàgbé nǹkan;
- nǹkan oṣù lè ṣe ségesège;
- egbò lè má tètè jinná, àìsàn sì lè máa ranni léraléra.

Ìkìlọ̀ lórí oògùn ìsanra

Dexamethasone àti prednisolone ń ṣiṣẹ́ bí kọ́tísọ́ọ̀lù. Dókítà ń lò wọ́n láti gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń rà wọ́n ní kẹ́míìsì láti fi sanra. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ náà, clobetasol, wà nínú àwọn ìpara kan tí wọ́n fi ń bóra. Tí ẹ bá lò wọ́n pẹ́, ẹ̀yà orí kíndìnrín yín lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Tí ẹ bá wá já oògùn náà lójijì, ara lè dà wó, ó sì lè já sí ikú. Ẹ má ṣe fúnra yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá ti ń lò ó, ẹ má já a lójijì. Ẹ wá, kí dókítà bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Kí la lè ṣe nílé?

- Ẹ gbìyànjú láti sùn tó wákàtí 7 lóru.
- Ẹ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀.
- Tí àyà bá ń já, ẹ mí sínú jẹ́jẹ́, kí ẹ sì mí síta pẹ́ ju bí ẹ ṣe mí sínú lọ, fún ìṣẹ́jú mélòó kan.
- Ẹ dín obì, kọfí àti ohun mímu amáratají kù, pàápàá lálẹ́. Èròjà inú wọn ń gbé adrẹnalíìnì sókè.
- Ẹ má fi ọtí wá oorun. Ó máa ń ba oorun òru jẹ́.
- Ẹ sọ ẹrù ọkàn yín fún ẹni tó lè pa àṣírí mọ́.

Ìgbà wo ni kí ẹ wá sí ilé ìwòsàn?

Ẹ wá tí ẹ̀jẹ̀ yín bá wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ tó ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí ẹ kò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ 2. Àyà dídùn tàbí àìlèmí dáadáa kò ṣe é fi ṣe másùnmáwo lásán: ẹ wá lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ pe 112. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé kí ẹ pa ara yín, ẹ sọ fún ẹnì kan nísinsìnyí, kí ó sì bá yín wá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtọ́jú wà fún un.

Ẹ má dúró de ìgbà tí ara bá wó. Nígbàkigbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ohun yòówù kó gbé yín wá, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ yín, kí ẹ sì sọ bí oorun yín ṣe rí fún un.