Ẹ wo ọgbọ́n táwọn oníkámẹ́rà fi ń gba owó wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fíìmù!

Lọ́dún 2004, ṣe làwọn tó ń ta fíìmù fẹnu kò, wọ́n ní àwọn ò gbé Genevieve Nnaji, Ramsey Nouah àtàwọn mí-ìn síṣẹ́ mọ́, pé owó wọn ti pọ̀ jù. Ọgbọ́n yẹn làwọn oníkámẹ́rà Èkó náà wá ń lò báyìí o. Wọ́n á gba ìdajì owó, kò síwèé àdéhùn. Tí iṣẹ́ bá parí, ọ̀gá ò ní í gbé fóònù mọ́. Ta ló fẹ́ gba lọ́yà torí ìyẹn? Orí WhatsApp ni wọ́n ń gbà lọ:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé lágbájá máa ń sanwó?"

"Àbúrò, gba gbogbo ẹ̀ kó o tó gbéra!"

Lágbájá á wá oníkámẹ́rà títí, kò ní í rí. Àmọ́ tí wọ́n bá parọ́ mọ́ ọn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ tẹnu ẹ̀.