Afinimọ̀nà tó lè sọ pé ká padà: iṣẹ́ àwọn tó ń mú àlejò gun òkè yìnyín ní Chamonix

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní ilẹ̀ Faransé, ẹ lè ti gbọ́ ọ rí lórí fóònù, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, pé iléèwé tàbí ibi iṣẹ́ wọn fẹ́ kó wọn lọ ṣeré lórí òkè tí yìnyín bò. Ọ̀pọ̀ òbí ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń yà lẹ́nu. Kí ni ènìyàn ń wá lọ sínú òtútù? A fẹ́ ṣàlàyé bí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣe rí, pàápàá iṣẹ́ àwọn afinimọ̀nà tó ń ṣáájú wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Ìlú Chamonix la máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní agbègbè Haute-Savoie, ní ìlà oòrùn Faransé, níbi tí ilẹ̀ náà ti bá Switzerland àti Ítálì pààlà. Òkè Mont Blanc ló yọrí sókè níbẹ̀, gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 4,800. Òkè Agou, tí kò sí èyí tó ga tó o ní Tógò, kò ju mítà 986 lọ. Àní àfonífojì tí wọ́n kọ́lé Chamonix sí ti ga ju ṣóńṣó orí òkè Agou lọ! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù àkọ́kọ́ ní ọdún 1924. Nígbà tí Tógò náà kọ́kọ́ lọ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ní Sochi ní ọdún 2014, Mathilde-Amivi Petitjean ló gbé àsíá rẹ̀. Ọmọ Tógò ni ìyá rẹ̀, Haute-Savoie yìí kan náà ló sì ti dàgbà.

Yìnyín tí à ń sọ kì í ṣe èyí tó ń bá òjò já bọ́ sórí páànù wa. Ó fúyẹ́ bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, kì í pariwo, ó sì lè rọ̀ lóru kan kó ga dé orúnkún kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tí àlejò ń wá ṣe lórí rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn kan á so ohun pẹlẹbẹ kan mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní raquettes, kí ẹsẹ̀ wọn má bàa rì, wọ́n á sì rìn jẹ́jẹ́ nínú igbó ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn mìíràn á fi sikí gun òkè fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó yọ̀ ọ́ wálẹ̀. Àwọn tó láyà á wọ ọkọ̀ orí wáyà lọ sí Aiguille du Midi, ní mítà 3,842, kí wọ́n wá fi sikí sọ̀ kalẹ̀ gba Vallée Blanche, ọ̀nà nǹkan bíi kìlómítà 20, lórí odò yìnyín tó ní ọ̀gbun nínú. Yìnyín tuntun a máa bo ẹnu ọ̀gbun náà, bí ìgbà tí ọdẹ bá fi ewé bo kòtò. Àlejò á rí ilẹ̀ funfun tó tẹ́jú, afinimọ̀nà á rí ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀gbun nìkan kọ́ ni ewu. Yìnyín tó ń ya lulẹ̀ láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tún burú. Ẹ fojú inú wo àgbàlá tó dagun, tí a da àgbàdo gbígbẹ sí, tí a wá tẹ́ ẹní lé e lórí. Ẹní náà lè dúró síbẹ̀ títí di ọ̀la. Ẹni tó bá lọ tẹ̀ ẹ́, òun àti ẹní ni yóò jọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yìnyín ṣe rí. Ìpele ìpele ló ń jókòó. Ti abẹ́ lè di hóró hóró bí iyọ̀, kí afẹ́fẹ́ sì gbé òmíràn wá lé e, tó le bíi pátákó. Ibi tó dagun ní ìwọ̀n 30 sí 45 ló ti sábà máa ń ya. Nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tí èyí pa, àwọn fúnra wọn tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń lọ ló fi ẹsẹ̀ já a.

Ẹni tí yìnyín bá bò, tí wọ́n bá hú u jáde láàárín ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, sábà máa ń yè. Lẹ́yìn ìyẹn, èémí ń tán. Hẹlikópítà kì í sábà tètè dé tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ jọ wà níbẹ̀ ni yóò hú yín, kì í ṣe ìjọba. Ìdí nìyẹn tí oníkálukú fi ń gbé nǹkan mẹ́ta: ẹ̀rọ kékeré tó ń ránṣẹ́ láti abẹ́ aṣọ, ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń fi wá ènìyàn lábẹ́ yìnyín, àti ṣọ́bìrì. Afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ á yẹ ẹ̀rọ oníkálukú wò kí wọ́n tó gbéra.

Ní ìgbà òtútù, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ Faransé, Météo-France, máa ń kéde ewu yìí lójoojúmọ́, láti nọ́ḿbà 1 dé 5. Ẹ má rò pé 5 ló ń pa ènìyàn jù. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ 5, kò sẹ́ni tó ń jáde. Nọ́ḿbà 3 ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí pé ó jọ ohun tó ṣeé fara dà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yin oníṣòwò. Àlejò ti sanwó, ó ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó ti wọ rélùwéè láti Paris. Wọ́n gun òkè fún wákàtí méjì, oòrùn mú ganrín, afinimọ̀nà wá dúró, ó gbẹ́ ihò sínú yìnyín, ó wo ìpele rẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká padà.” Oníbàárà a máa bínú. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ní ó fẹ́ jẹ owó àwọn lásán. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sanwó fún. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń gun òkè, ojú afinimọ̀nà ni wọ́n yá.

Àwọn ará Chamonix fi ẹ̀mí kọ́ èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1820, Dókítà Hamel, ará Rọ́ṣíà, pẹ̀lú àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, gba àwọn afinimọ̀nà láti gun Mont Blanc. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn afinimọ̀nà wo ojú ọjọ́, wọ́n fẹ́ padà, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ta kú. Yìnyín ya, ó gbá mẹ́ta lára àwọn afinimọ̀nà sínú ọ̀gbun: Pierre Balmat, Pierre Carrier àti Auguste Tairraz. Àwọn àlejò yè.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1821, nígbà tí ọba Sardinia ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn afinimọ̀nà Chamonix sílẹ̀, èyí tó dàgbà jù lágbàáyé, tó sì wà títí dòní. Wọ́n ní kí iṣẹ́ máa yípo láàárín ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa torí àtijẹ gba iṣẹ́ tí kò yẹ. Wọ́n tún dá àpò owó sílẹ̀, bí ẹgbẹ́ àlájọṣe tiwa, fún ẹni tó bá fara pa àti fún opó ẹni tó bá kú. Odò yìnyín ń rìn wálẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1861, ó pọ egungun àti aṣọ àwọn mẹ́ta náà jáde nísàlẹ̀ òkè. Ọ̀kan nínú àwọn tó yè lọ́jọ́ náà ṣì wà láàyè, ó ti darúgbó, ó sì dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀.

Tí ọmọ yín bá máa lọ, kí ó béèrè káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ mú un lọ. Oríṣi méjì ló wà. Accompagnateur lè mú ènìyàn rìn pẹ̀lú raquettes níbi tí kò dagun, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ mú un lọ sórí odò yìnyín. Guide de haute montagne ló ni iṣẹ́ yẹn.

Ọyẹ́ tí à ń ráhùn rẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ òtútù ọ̀hún. Kí aṣọ òwú má ṣe kan ara, nítorí tí òógùn bá ti mu ún, kì í tètè gbẹ. Aṣọ irun àgùntàn ló dáa. Kí ó wọ dígí dúdú sójú, torí yìnyín ń ta oòrùn padà bíi páànù tuntun. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi hàn pé òtútù máa ń ba ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláwọ̀ dúdú jẹ́ ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Tí ìka bá ti kú tipiri, tí kò mọ nǹkan kan lára mọ́, kí ó sọ fún afinimọ̀nà lójú ẹsẹ̀, kí ojú má ṣe tì í. Nọ́ḿbà tí wọ́n ń pè fún ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀ ni 112.